Owó Ọlọ́jà Tó Wà Lọ́wọ́ Wa

   

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ohun tó ń ba ààwẹ̀ jẹ́. Àwọn aáfà wa ti sọ ìyẹn, wọ́n á sì tún sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ọjà ni. Ọ̀rọ̀ ìyá oníbúrẹ́dì, ìyá ẹlẹ́kọ, télọ̀, fọkanáísà, àti àwọn tó pa ìsọ̀ síwájú ilé tí à ń gbé ní Agége, ní Ìkẹjà, ní Ọ̀gbà títí dé Ìjú. Tí a bá béèrè pé báwo la ṣe lè ran irú wọn lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ nínú wa á ní kí a máa ṣe wọ́n ní sàráà. Sàráà dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣòwò kò jókòó de sàráà. Ohun tó ń dúró dè ni pé kí a ra ọjà lọ́wọ́ òun, kí a sì san owó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì. Ará Jàmáíkà kan tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní ilẹ̀ wa, Amos Shackleford, ló dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta ní 1921, tí òwò náà sì gbilẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ará Agége wọ iṣẹ́ yìí débi pé orúkọ ìlú wọn ló mọ́ búrẹ́dì náà lórí. Lóru, nígbà tí àwa ń sùn, ni wọ́n ń po ìyẹ̀fun, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi máa fà, tí wọ́n á wá tì í sínú ààrò. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn tó ń kiri ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sanwó lójú ẹsẹ̀. Àwìn ni wọ́n ń gbé e. Tí wọ́n bá tà á tán, wọ́n á lọ san án, ìgbà náà ni wọ́n tó lè gbé ti ọjọ́ kejì. Onílé-búrẹ́dì náà lè ti gba ìyẹ̀fun láwìn lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á ní àpò-àpò. Ṣé ẹ rí i bí owó náà ṣe so kọ́ra? Àwa wá dá ìyá yìí dúró lẹ́nu géètì, a mú búrẹ́dì méjì, a ní, "Ìyá, ẹ padà wá gbowó lọ́la." Lójú tiwa, owó búrẹ́dì méjì péré ni. Ṣùgbọ́n èrè orí búrẹ́dì kan kò tó nǹkan. Owó méjì yẹn lè jẹ́ gbogbo èrè tí ì bá gbé lọ sílé lọ́jọ́ náà. Tí ilé mẹ́ta bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí i, kí ló fẹ́ gbé dé ilé búrẹ́dì?

A ò ní máa nàka sí ẹlòmíràn. Àwa gan-an nínú ẹgbẹ́ yìí jẹ̀bi. Ní Ramadan kan tó ti kọjá, a bẹ ìyá kan ládùúgbò mọ́sálásí wa pé kí ó máa se ìṣínu fún wa fún ọjọ́ mẹ́wàá: ògì, àkàrà, ẹ̀wà. A dájọ́ iye owó, kò sì já wa kulẹ̀ lọ́jọ́ kan. Nígbà tí ìtúnu ààwẹ̀ kọjá, akápò wa ní kí owó oṣù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọlé ná. Nígbàkígbà tí ìyá náà bá yọjú, a ó ní, "Ẹ fara balẹ̀, owó mọ́sálásí kì í sọnù." Ó kù díẹ̀ kí á ṣe Iléyá kí a tó san án tán. Nígbà náà, ìkòkò rẹ̀ ti dojú délẹ̀, ó ti ń bá ẹlòmíràn dín àkàrà. Kò ṣépè, kò jà. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ̀yin Alhaji, ẹ̀yin lẹ gba láádá ìṣínu, èmi ni mo san owó rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò létí wa.

Ẹ má sì jẹ́ kí a pe èyí ní ọ̀rọ̀ ayé lásán. Ó wà nínú hádíìsì Bukhari àti Muslim pé Ànábì ka ìdádúró gbèsè lọ́wọ́ ẹni tó lówó sí àbòsí. Ó tún wà nínú Bukhari pé wọ́n gbé òkú kan wá síwájú Ànábì tó jẹ gbèsè tí kò sì fi nǹkan tí wọ́n lè fi san án sílẹ̀, tí Ànábì kò kírun sí i lára títí Abu Qatada fi ní òun á san án. Lóòótọ́, Súrà Baqarah, ẹsẹ 280, pàṣẹ pé kí a fún onígbèsè tí nǹkan nira fún láyè. Àmọ́ ẹni tí nǹkan nira fún ni ẹsẹ yẹn ń sọ, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ fi owó ẹlẹ́kọ ra káàdì fóònù.

Ẹ wo bí a ṣe ń nájà náà. Tí a bá wọ ilé ìtajà ńlá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ní Aláúsá, iye tí wọ́n kọ sára ọjà la ó san, a ó tún dúpẹ́. Tí a bá dé ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó tó to ata sórí àtẹ, ibẹ̀ la ti mọ ọjà á ná. Ànábì tọrọ ìkẹ́ Ọlọ́hun fún ẹni tó bá rọrùn nígbà tó ń tà, nígbà tó ń rà, àti nígbà tó ń béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Nínáa ọjà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ o. Ká máa ná an dé ìdí ojú owó ọlọ́jà ló burú.

Àdúgbò wa yìí ló sì yẹ kó mọ̀ jù. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló la ibùdó ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà sílẹ̀, kí Ìkẹjà tó bọ́ sábẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkó ní 1967. Púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa, ojú ọ̀nà Ọba Akran ni wọ́n ti jẹun. Ní ìparí 2008 ni Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà, nígbà tí owó iná àti epo wọ̀ wọ́n lọ́rùn, tí táyà òkèèrè sì kún ọjà. Tí ilé-iṣẹ́ bá ti géètì, kì í ṣe òṣìṣẹ́ nìkan ló ń bá a lọ. Olóúnjẹ tó wà lẹ́nu géètì, tó ń kọ àwìn àwọn òṣìṣẹ́ sínú ìwé di ìparí oṣù, ìwé nìkan ló ń kù sí i lọ́wọ́. Àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn náà ló di wẹ́dà, tó di rewáyà, tó ṣí ìsọ̀ kékeré. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ẹ mọ ohun tí télọ̀ ń ná kí jẹnẹrétọ̀ tó dún. Tí a bá wá rán aṣọ ìtúnu ọmọ mẹ́rin, tí a san ìdajì, tí a gbé aṣọ lọ, kí ló fẹ́ fi ra epo?

Ẹ̀yin ọlọ́jà tó ń gbọ́ wa, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Súrà Mutaffifin wà nílẹ̀ fún ẹni tó ń dín òṣùwọ̀n kù. Télọ̀ tó gba aṣọ ènìyàn ogójì nígbà tó mọ̀ pé ogún lòun lè rán, tó ń fi Ọlọ́hun búra pé "lọ́la", òun náà jẹ gbèsè. Ẹni tó sì rí i pé Ramadan dé, tó fi owó lé dàbínù tó ti rà sílẹ̀ láti oṣù Rajab, kó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó wọ́n an.

Kí ìtúnu tó dé, ẹ bá wa wo ilé. Ta ni ìyàwó gba ọṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ láwìn? Owó mẹkáníìkì ńkọ́? Ìrẹsì tí a fẹ́ fi yọ sàká ìtúnu ààwẹ̀, ṣé kò sí lọ́dọ̀ ìyá tó wà ní ìkòríta wa ni?

Ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ń se ìṣínu wa lọ́dún yìí. Ó kọ́kọ́ kọ̀, a bẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù, kí ó tó dáná, a gbé owó ọjọ́ mẹ́wàá lọ bá a nílé. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì lójú wa. A dúró títí ó fi kà á tán.