Saturn Kọ́ Ló Dá Ọ Dúró

 

Àwọn awòràwọ̀ ní Saturn ni ìràwọ̀ ìdádúró. Alice Bailey, tí ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde ní 1951, pè é ní olúwa ẹ̀san. Wọ́n ní tó o bá ti ń súnmọ́ ọgbọ̀n ọdún, á padà wá bá ọ. Lóòótọ́, nǹkan bí ọdún 29 àti ààbọ̀ ló fi ń yí oòrùn po. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹgbẹ́ rẹ tí ẹ jọ jáde ní LASU náà ńkọ́? Èyí tó ti gbéyàwó, èyí tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Alaba? Saturn kan náà ni! Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?

Rélùwéè tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Marina ní 2023, Mile 2 ló dúró sí, kò dé Okokomaiko. Ìràwọ̀ wo ló dá ìyẹn dúró?

Arábìnrin, má kó owó ilé rẹ fún ẹni tó ní òun fẹ́ bá ọ bẹ Saturn. Ka Àìsáyà 47:13, wo bí Ọlọ́run ṣe fi àwọn awòràwọ̀ Bábílónì ṣẹ̀sín. Tó o bá ti san díẹ̀, má san ìyókù. Dúró lẹ́yìn ìsìn, ká jọ gbàdúrà, ká sì jọ wo ìwé tó o fi ń wáṣẹ́.