Ilé-Ìkàwé Yunifásítì àti Ọmọ Òṣìṣẹ́

 

Ẹ lè máa wí pé kí ni ó kan awakọ̀ àti òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ nínú ọ̀rọ̀ ilé-ìkàwé Yunifásítì tí èmi ń bá ṣiṣẹ́. Ó kàn yín, nítorí owó oṣù yín ni àwọn ọmọ yín fi ń ra dátà.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé níwọ̀n ìgbà tí Google ti wà, kò sí ohun tí àwọn ń wá dé ọ̀dọ̀ wa mọ́. Ọmọ yóò rí ìwé ìwádìí tí ó wúlò lórí fóònù, ni wọn yóò bá ní kí ó san 30 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó kà á. Owó oúnjẹ oṣù mélòó nìyẹn? Bẹ́ẹ̀ sì ni láti 2002 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti bá àwọn òǹtẹ̀wé ṣe ètò Hinari, kí ilé-ẹ̀kọ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò rí jájẹ lè máa ka ìwé ìṣègùn lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó pọ́ọ́kú. Agora tẹ̀lé e ní 2003 fún iṣẹ́ àgbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ń forúkọ sílẹ̀. Ọwọ́ òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé ni pásíwọ́ọ̀dù sì sábà máa ń wà. Ọmọ tí kò bá béèrè kò lè mọ̀.

Ti ChatGPT tún wá dé ní 2022. Ó lè dárúkọ ìwé àti ẹni tí ó kọ ọ́, kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ má sì sí níbikíbi. Ọmọ tí ó bá dà á kọ, òdo ni yóò gbà. Bí ẹ̀yin mẹkáníìkì ti ń yẹ páàtì wò kí ẹ tó dè é mọ́ ọkọ̀ ni a ṣe ń kọ́ wọn: ta ni ó kọ ọ́, nígbà wo, ta ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde?

N kò ní gbè sẹ́yìn àwọn ẹlẹgbẹ́ mi o. Àwọn kan ṣì ń jágbe mọ́ ọmọ bí ẹni pé ogún bàbá wọn ni ìwé. Ìyẹn kò bójú mu. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tí kò ní iná, tí kò ní íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ni yóò fi ran ọmọ lọ́wọ́? Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa bá wa béèrè èyí lọ́wọ́ ìjọba.

Bí ọmọ bá tún béèrè owó dátà, ẹ kọ́kọ́ bi í pé nígbà wo ni ó dé ilé-ìkàwé gbẹ̀yìn.

Mo ṣe tán láti gba ìbéèrè yín.