Ẹ bi lọ́yà léèrè kí ẹ tó sanwó

Ọ̀kan nínú wa tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ gba lọ́yà tó mọ ẹjọ́ ilẹ̀ dunjú. Háíkọ́ọ̀tù ni lọ́yà náà gbé ẹjọ́ lọ. Adájọ́ ní òun kò láṣẹ láti gbọ́ ọ. Owó lọ, àkókò lọ. Láti ọdún 2011, Industrial Court ló ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́. Nítorí náà, kí a bi lọ́yà pé: “Ẹjọ́ òṣìṣẹ́ mélòó lẹ ti ṣe níbẹ̀? Èló ni gbogbo owó yín?” Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí a gba rìsíìtì. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí ẹ kò kà. Ẹ kọ́kọ́ rí akọ̀wé ẹ̀ka wa. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà!