Asẹ́ Tó Dí: Ìbéèrè Tó Yẹ Ká Bèèrè Lórí Iná Núkílíà

Ọ̀rọ̀ iná núkílíà ti ń lọ lórí WhatsApp wa. Àwọn kan ní kó máa bọ̀ kíákíá, àwọn kan ní ikú ni. N ò wá jà fún ẹnì kankan lónìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí nǹkan kékeré kan péré: asẹ́.

Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ̀ ọ́n. Bí èèrí bá kún ojú asẹ́, omi ò ní kọjá mọ́. Ẹ ó kó èèrí kúrò, ó tán. Ṣùgbọ́n níbi tí mò ń wí yìí, kò sẹ́ni tó lè wọlé lọ kó o.

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Bí wọ́n bá pa ẹ̀rọ núkílíà, ooru inú rẹ̀ kì í kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀; ṣe ló dà bí iná tó fara pamọ́ sábẹ́ eérú. Omi gbọ́dọ̀ máa tù ú. Bí páìpù bá bẹ́, páǹpù pàjáwìrì á fa omi tó wà nísàlẹ̀ ilé náà, á dà á sórí ẹ̀rọ, omi á ṣàn padà wálẹ̀, páǹpù á tún fà á. Asẹ́ ló wà lẹ́nu ibi tó ti ń fà á, kí pàǹtí má baà wọlé.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje, ọdún 1992, ní Barsebäck ní orílẹ̀-èdè Sweden, wọ́n ń tan ẹ̀rọ kejì padà lẹ́yìn àtúnṣe ọdọọdún. Fááfù kan ṣàdédé ṣí. Oru omi tó tú jáde bó òwú tí wọ́n fi wé páìpù kí ooru má baà jáde, ó tó nǹkan bí 200 kílò. Bí ìdajì rẹ̀ ló bá omi lọ sísàlẹ̀. Wọ́n ti ṣírò tẹ́lẹ̀ pé ó máa tó wákàtí 10 kí wọ́n tó ní láti fọ asẹ́. Ìṣẹ́jú 70 péré, aago ìkìlọ̀ ti ń ké! Asẹ́ méjì nínú márùn-ún ti ń dí.

Agbára ẹ̀rọ ṣì kéré nígbà yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ sì fi omi ti pàǹtí padà sẹ́yìn. Ewu fò ó. Ṣùgbọ́n Sweden ò kàn dúpẹ́ kí wọ́n jókòó. Ẹ̀rọ márùn-ún ni wọ́n pa títí wọ́n fi tún ọ̀rọ̀ asẹ́ ṣe. Ní 1995, asẹ́ tún dí ní Limerick ní Amẹ́ríkà, nígbà tí fááfù kan ṣí tí kò padé.

Ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà níbẹ̀. Kò dìgbà tí pàǹtí bá pọ̀. Òwú fẹ́ẹ́rẹ́ tí ò ju mìlímítà 3 lọ lè tẹ́ sójú asẹ́, kó máa gba ìpẹtà irin àti èérún ọ̀dà mọ́ra, kí omi má rí ọ̀nà.

Ìjọba wa náà ti dárúkọ Geregu ní Kogi àti Itu ní Akwa Ibom pé ibẹ̀ làwọn fẹ́ kọ́ irú ilé iṣẹ́ yìí sí. Nígbà tí wọ́n bá wá ṣàlàyé, ẹ má bèèrè iye iná nìkan. Ẹ bèèrè pé: kí lẹ fi wé páìpù? Irú pàǹtí wo lẹ fi dán asẹ́ wò? Ta ló ń gbálẹ̀ lẹ́yìn àtúnṣe, ta ló sì ń yẹ̀ ẹ́ wò?

Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Sweden ti jìn sí i fún wa.