Oorun Kì í Ṣe Ìwà Ọ̀lẹ

Ẹ jẹ́ ká sọ pé oníbàárà kan láti Ìkàrẹ́ ra kẹ́ẹ̀gì epo méjì láwìn, ti Ọ̀kà náà ra mẹ́ta, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Bí a kò bá sùn dáadáa, a lè lọ sin ẹni tó jẹ méjì ní gbèsè mẹ́ta. Ìjà dé nìyẹn!

Lọ́dún 1994, Wilson àti McNaughton ní Amẹ́ríkà rí i pé bí èkúté bá sùn, ọpọlọ rẹ̀ ń tún ìrìn ojúmọmọ rẹ̀ yẹ̀ wò. Ó ṣeé ṣe kí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ máa ran ọpọlọ tiwa náà lọ́wọ́ láti ya ọ̀rọ̀ tó jọra sọ́tọ̀.

Ẹ kọ àwìn sínú ìwé, kí ẹ sì sùn tó wákàtí méje. Ajé á wọgbá o.