Ilé Àwọn Òǹkọ̀wé Wa Tí A Ń Kọjá Lójú Ọ̀nà

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní Kado, Abuja)

Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ni a fẹ́ bá yín sọ. Ẹ má bẹ̀rù, kì í ṣe ìdáwó tuntun ni a gbé wá.

Nígbàkúgbà tí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀, gbogbo wa ni à ń di ẹrù lọ sí ilé. A ó kọjá ní Gwagwalada àti Abaji, a ó dé Lọ́kọ́jà, a ó sọ̀kalẹ̀ ra ẹja, àfi bí ẹni pé kò sí ọjà ẹja ní Kado níbí! Lẹ́yìn náà ọkọ̀ yóò ṣí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwa pẹ̀lú ti ṣe bẹ́ẹ̀, tí a kò sì rántí pé ìlú tí Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther ti ṣiṣẹ́ ni a ti ń ná ẹja.

Ní ìsinmi tí ó kọjá, a bi àwọn ọmọ wa pé ta ni Fágúnwà. Ọ̀kan dákẹ́, èkejì ní bóyá orúkọ àdúgbò kan ni ní Abuja. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé inú. Ẹ̀bi wọn kọ́, ẹ̀bi àwa tí a bí wọn sí ìdálẹ̀ ni.

Ní Amẹ́ríkà, ènìyàn a máa rìnrìn-àjò, a sì máa sanwó, láti wọ ilé òǹkọ̀wé. Ilé kan wà ní Hartford tí Mark Twain gbé láti 1874 sí 1891. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n wó o, àwọn ará ìlú dìde, wọ́n dá owó jọ, wọ́n sì rà á ní 1929. Títí di òní ni àlejò ń wọ́ lọ síbẹ̀.

Àwa ńkọ́? Crowther, ọmọ Òṣoogùn tí a kó lẹ́rú ní 1821, tẹ ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àgbádárìgì, tí a fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1842, tí wọ́n ní ibẹ̀ ni ó ti túmọ̀ Bíbélì, ṣì dúró. Ilé-ìwé Holy Trinity tí ó dá sílẹ̀ ní Lọ́kọ́jà ní 1865 ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ ni ó kọ ìwé gírámà èdè Tápà, tí ó jáde ní 1864. Mélòó nínú wa ni ó lè kí àwọn Gbàgyí tí a bá lórí ilẹ̀ yìí ní èdè wọn?

Fágúnwà ní tirẹ̀, Òkè-Igbó ni a bí i sí ní 1903. Orúkọ ìlú náà nìkan tó láti ṣí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní 1938, fún ọmọdé. Ṣùgbọ́n Òkè Ọya níbí ni ó kú sí: odò ni ó gbé e lọ ní Wuya, lẹ́bàá Bida, ní oṣù Kejìlá 1963. Ẹni tí ó bá gba Bida lọ sí Mokwa ń kọjá odò náà.

Àwọn kan yóò ní, ilé àtijọ́ ni, kí ni ó kù níbẹ̀ láti wò? A dáhùn pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Ọmọ tí ó bá dé ìlú òǹkọ̀wé yóò rí i pé ènìyàn bí i tiwa ni, tí ó gbé irú ilé tí bàbá wa gbé. Yóò sì sọ nínú ara rẹ̀ pé, èmi náà lè kọ̀wé. Ilé tí àlejò sì ń yà kì í tètè wó.

Ìmọ̀ràn wa nìyí: kí a yọ díẹ̀ nínú owó àríyá ọdún, kí a fi gba ọkọ̀ kan fún àwọn ọmọ, Lọ́kọ́jà ní ọjọ́ kìn-ín-ní, Òkè-Igbó ní ọjọ́ kejì. Kí olúkúlùkù ti ka ojú-ìwé mẹ́wàá kí ọkọ̀ tó ṣí. Kí a sì kọ̀wé sí àwọn onílé ṣáájú, nítorí a kì í wọ ilé onílé bí ẹni wọ ọjà.

Bí a bá tún dé Lọ́kọ́jà, kí a ra ẹja wa, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ mú ọmọ wa lọ wo ilé-ìwé náà. Ọlọ́run yóò mú wa délé láyọ̀.