Ògiri Tó Ń Mu Omi: Ọnà Kíkùn láti Ojúbọ dé Orí Kánfáàsì



    

Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ fi rán mi ni pé kí n sọ̀rọ̀ nípa bí ọnà kíkùn ṣe ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà: ohun tí àwọn ènìyàn fi ń kùn, ohun tí wọ́n ń kùn ún sí, àti èrò tí ó wà lọ́kàn wọn. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò, ìjókòó kan kò sì lè gbà á tán. Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni n ó dì mú. Ta ni ó ń kun ọnà kí ó lè pẹ́, ta sì ni ó ń kùn ún kí a lè tún un kùn?

Ẹ jẹ́ kí a ti orí ọpọ́n bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ojú gbogbo wa mọ́. Bí babaláwo bá da ìyẹ̀rosùn sórí ọpọ́n, ìka ni ó fi ń tẹ odù. Àmì náà á hàn kedere. Bí iṣẹ́ bá parí, yóò pa á rẹ́, yóò sì tẹ òmíràn. N kò tí ì rí awo tí ó sunkún pé àmì odù parẹ́, nítorí pé odù kò sí nínú ìyẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tẹ̀ ni ó wà. Ọpọ́n ní tirẹ̀, igi gbígbẹ́ ni, ó sì lè pẹ́. Ọpọ́n Ifá kan wà ní ìlú Ulm ní Jámánì, tí a gbà pé láti agbègbè Allada ní ilẹ̀ Benin òní ni ó ti wá. Láti ọdún 1659 ni orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé àkójọ ẹni tí ó ni ín. Ọpọ́n náà ṣì wà lónìí, ṣùgbọ́n kò ku ẹyọ àmì kan lórí rẹ̀ nínú gbogbo odù tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Síbẹ̀, awa tí a wà níhìn-ín ṣì ń tẹ odù. Ọ̀nà méjì ni ohun kan fi lè wà títí: kí ó má ṣe parẹ́, tàbí kí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe má ṣe tán.

Ìdílé àwọ̀ mẹ́ta

Ìdílé àwọ̀ mẹ́ta ni àwọn baba ńlá wa mọ̀: funfun, pupa àti dúdú. Mo pè é ní ìdílé nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ọmọ. Àwọ̀ ìyeyè àti àwọ̀ osùn ń bẹ lábẹ́ pupa. Àwọ̀ aró àti ti ewé tútù ń bẹ lábẹ́ dúdú. Ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan kọ́ ni àwọ̀ jẹ́ fún wa. Bí a bá rí ibi tí ó funfun báláú, ọkàn wa á lọ sọ́dọ̀ Ọbàtálá. Bí a bá rí pupa fòò, a ó rántí Ṣàngó. Kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí a ní láti ra ní òkè òkun. Inú ilẹ̀ ni a ti ń wa ẹfun àti amọ̀ pupa, ara igi ni osùn ti ń wá, inú ààrò ni èédú wà, oko ni èlú ti ń hù.

Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìyá

Iṣẹ́ àwọn obìnrin ni kíkun ògiri ojúbọ. Ní Ilé-Ifẹ̀, ojúbọ Òrìṣà Ìkirè jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí àwọn onímọ̀ ti kọ̀wé nípa ọnà rẹ̀. Bí ọdún òrìṣà bá ń súnmọ́lé, àwọn obìnrin á kó amọ̀ jọ, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi omi pò ó, wọ́n á tún ògiri rẹ́, wọ́n á sì kun ọnà sí i. Òjò á dé, á sì fọ púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ. Bí ọdún bá tún yípo, wọ́n á padà wá.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí iṣẹ́ náà ṣe rí gan-an. Ògiri amọ̀ ń mu omi. Bí ó ti ń mu omi inú àwọ̀ ni ìyẹ̀fun amọ̀ náà ń wọ inú ojú rẹ̀ tí ó rí págunpàgun, ibẹ̀ ni ó sì ń gbẹ sí. Ohun tí ó dì í mú kò le tó èyí tí òjò kò lè tú. Ẹni tí ń kùn ní láti mọ irú ilẹ̀ tí kì í sán, ìwọ̀n omi tí yóò bù sí i, àti bí ọwọ́ yóò ti yá tó kí ògiri má bàa gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́. A kì í rí ìmọ̀ yìí kà nínú ìwé. Ẹ̀gbẹ́ ìyá ni ọmọbìnrin ti ń kọ́ ọ. Lójú tèmi, òjò gan-an ni ó dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Bí òjò kò bá fọ ògiri, kí ni ọmọ yóò fi kọ́ṣẹ́?

Ọwọ́ àwọn obìnrin yìí kan náà ni ó wà lára adìrẹ ẹlẹ́kọ. Wọ́n ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ pákí sára aṣọ funfun, wọ́n sì ń rẹ aṣọ náà sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kò ní lè wọ ibẹ̀. Òun ni yóò di ọnà. Wọn kò dákẹ́ sójú kan pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn Mápó sí Ìbàdàn, kò pẹ́ tí àwọn òpó rẹ̀ fi wọ inú aṣọ tí à ń pè ní Ìbàdàn Dùn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé ọnà àtijọ́ kì í yí padà, kò tí ì wo adìrẹ dáadáa.

Ọ̀nà àwọn ará òkè òkun

Ẹ jẹ́ kí a yà sí ilẹ̀ Yúróòpù díẹ̀, nítorí pé láti ibẹ̀ ni irú ọ̀dà kejì ti wá bá wa. Àwọn náà kun ògiri ilé ẹ̀sìn wọn. Ní nǹkan bí ọdún 1305, Giotto kun inú ilé ìsìn kan ní ìlú Padua ní Itálì. Òkúta ni wọ́n ń sun di ẹfun láyé ìgbà náà, òun ni wọ́n fi ń rẹ́ ògiri. Ìwọ̀n tí ọwọ́ lè kùn tán lóòjọ́ ni wọ́n ń rẹ́, wọ́n á sì kun àwọ̀ sí i kí ó tó gbẹ. Bí ẹfun náà bá gbẹ, á tún padà di òkúta, á sì ti àwọ̀ náà mọ́ inú. Iṣẹ́ Giotto ti lé ní 700 ọdún, ó ṣì wà lára ògiri.

Lẹ́yìn náà ni òróró gba iwájú. Ẹyin adìẹ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti fi ń po àwọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹyin sì máa ń tètè gbẹ. Òróró irúgbìn ọ̀gbọ̀ kì í tètè gbẹ. Ó fún akunwòrán láyè láti ronú, láti tún un ṣe, àti láti fi àwọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé orí ara wọn kí ìmọ́lẹ̀ lè ti ìsàlẹ̀ yọ. Àwòrán tọkọtaya tí Jan van Eyck kùn ní ọdún 1434 wà ní London títí di òní, ó ń dán bí ẹni pé àná ni wọ́n kùn ún. Kí ohun tí a kùn má ṣe parẹ́ ni àwọn wọ̀nyí fi ṣe àfojúsùn, wọ́n sì ṣe àṣeyọrí. N kò kẹ́gàn wọn. Mo kàn fẹ́ kí a rí i pé èrò tiwọn yàtọ̀ sí ti àwọn ìyá wa.

Bí òróró ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Aina Onabolu, tí a bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 1882, ni aṣáájú nínú àwọn tí ó mú ọ̀nà yìí wá sí ilẹ̀ wa. Ó fi ara rẹ̀ kọ́ṣẹ́, ó sì ti kun àwòrán ìyáàfin kan ní Èkó, Spencer Savage, ní ọdún 1906, kí ó tó lọ kàwé ní London àti Paris ní ọdún 1920. Ọ̀pọ̀ òyìnbó ayé ìgbà náà gbà pé ènìyàn dúdú kò lè ya ènìyàn kí ó jọ ọ́. Búrọ́ọ̀ṣì ni Onabolu fi dá wọn lóhùn. Nígbà tí ó padà dé, ó kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé Èkó bí ohun tí ó jìnnà ṣe ń kéré lójú.

Àwọn tí ó tẹ̀lé e béèrè ohun mìíràn: a ti lè kùn bíi tiwọn, níbo wá ni tiwa wà? Ní ọdún 1958, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan dá ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Zaria. Yusuf Grillo, ọmọ Èkó, wà lára wọn, ẹni tí àwọ̀ búlúù rẹ̀ kì í jẹ́ kí a gbàgbé ìkòkò aró. Ní Òṣogbo, Duro Ladipo àti Ulli Beier dá Mbari Mbayo sílẹ̀ ní ọdún 1962. Láti inú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ni Twins Seven Seven, Muraina Oyelami àti Jimoh Buraimoh ti jáde. Buraimoh ni ó ń to ìlẹ̀kẹ̀ sórí pákó di àwòrán, bí àwọn àgbà ti ń to ó sára adé. Ní ọdún 1989, Moyo Okediji, Kunle Filani, Tola Wewe, Bolaji Campbell àti Tunde Nasiru dá ẹgbẹ́ Ọnà sílẹ̀ ní Ifẹ̀. Àwọn olùkọ́ yunifásítì nínú wọn lọ jókòó ti àwọn ìyá tí ń kun ojúbọ, wọ́n kọ́ bí a ti ń fi ilẹ̀ ṣe àwọ̀, wọ́n sì gbé ìmọ̀ náà lọ sórí kánfáàsì. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ rò ó wò: lẹ́yìn tí ọmọ ti rìn dé Paris, ẹsẹ̀ ìyá ni ó padà wá jókòó sí.

Ohun tí àwa fúnra wa ṣe

Ohun tí n ó sọ yìí, ara wa ni mo fi ń bú. Ní agbo ilé tí a bí mi sí, ìyá bàbá mi wà lára àwọn tí ń kun ojúbọ. Ní ọdún kan, àwa ọmọkùnrin tí a wà ní ìgboro dá owó jọ. A ní a fẹ́ gba àwọn ìyá lọ́wọ́ wàhálà. A fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri náà, a sì fi ọ̀dà olóròóró kùn ún, ó ń dán. Inú wa dùn. Nígbà tí ọdún tún kò, àwọn ìyá gbé igbá amọ̀ wọn dé gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Wọ́n kùn ún, ó ń ṣàn wálẹ̀. Èyí tí ó sì gbẹ lára ògiri, ó ṣí bí ìpẹ́ ẹja. Àgbà jù nínú wọn nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ kò ní rí ìjà òrìṣà. Ṣùgbọ́n ògiri yìí kò mu omi mọ́.”

Wọn kò tún gbé igbá wá mọ́. Ìyá náà ti di ará ọ̀run báyìí. Ọ̀dà wa ṣì wà lára ògiri, ṣùgbọ́n kò sí ẹnìkan nínú àwọn ọmọbìnrin agbo ilé wa tí ó mọ ibi tí wọ́n ti ń wa amọ̀ pupa náà.

Àwọn àgbà sọ pé bí Onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tí ó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Òótọ́ ni fún igbá. Kì í ṣe òótọ́ fún ògiri. Bí akunlé bá kọ̀ tí kò kùnlé mọ́, òjò ọdún kan ti tó láti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi

N kò sọ pé kí a wó ilé sìmẹ́ǹtì. Òjò ń wó ilé amọ̀, owó àtúnṣe sì ń roni. Ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀bẹ̀ fún. Èkínní, ní ojúbọ kọ̀ọ̀kan tí ó wà ní ìkáwọ́ wa, ẹ jẹ́ kí a dá ògiri kan sí ní amọ̀, kí ọ̀dà olóròóró má ṣe kàn án. Èkejì, kí ẹgbẹ́ wa fi ọjọ́ kíkun ojúbọ sínú ètò ọdún, kí a sì fún àwọn ìyá tí ń ṣe é ní owó iṣẹ́ wọn, bí a ti ń fún onílù. Ẹ̀kẹta, kí ìyá kọ̀ọ̀kan mú ọmọbìnrin méjì dání lọ sí ibi tí a ti ń wa amọ̀, kí wọ́n mọ orúkọ ilẹ̀ náà. Fọ́tò dára, ẹ yà á níbi tí awo bá gbà á láyè, ṣùgbọ́n fọ́tò kò lè kọ́ni bí a ti ń po amọ̀.

Awa tí a ń tẹ odù tí a sì ń pa á rẹ́, awa ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n kùn tán.

 Kí Ọ̀rúnmìlà gbè wá. Àṣẹ.